Ta Ni "Wọ́n"? Àtúnkà ìwé tí Babangida kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwa òǹkàwé ní Abẹ́òkúta, ní àyájọ́ June 12)

Alága ìjókòó, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìjọba fún ní ìsinmi lónìí tí ẹ kò fi sùn, mo kí yín o. Ẹ kú ìrántí. Ẹ kú àfaradà oòrùn. Mo júbà àgbà, mo júbà ilẹ̀ tí mo dúró lé, nítorí Abẹ́òkúta yìí ni wọ́n ti bí ọkùnrin tí a torí rẹ̀ pé jọ, M.K.O. Abíọ́lá. Ọmọ kẹtàlélógún ni lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè. Àwọn òbí rẹ̀ kò tíì gbà pé yóò dúró, wọ́n ní kí á ṣì máa wò ó ná. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, Káṣìmáwòó, ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí bó ṣe yẹ ká ka ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nìyẹn: ká ṣì máa wò ó.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní gáfárà kan láti tọrọ. Lọ́dún tí ìwé yìí jáde, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, mo dìde láàárín yín, mo ní n kò ní í fi kọ́bọ̀ mi ra ìwé náà, pé ẹni tó bá rà á ń fi owó ta ìyà wa lọ́rẹ ni. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Ó dùn mọ́ mi. Mo wá gba ọ̀rọ̀ yẹn padà lónìí lójú yín, torí iwájú èrò ni mo ti sọ ọ́, iwájú èrò náà ló yẹ kí n ti kó o jẹ. Mo ti ra ìwé náà. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ìbínú ni mo fi kà á, n kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ohun tí mo ti mú wá láti ilé lọ. Nígbà kejì, mo mú bírò dání.

Lọ́dún 1978, nígbà tí Richard Nixon tó fi ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀ nínú ìtìjú gbé ìwé tirẹ̀ jáde, àwọn kan níbẹ̀ náà ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ra ìwé lọ́wọ́ oníjìbìtì. Irú ariwo yẹn ni mo pa. Ó máa ń dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí olùjẹ́jọ́ sọ, ìbéèrè wo ló fẹ́ bi í?

Ohun kan ṣì kù nínú gáfárà mi. Àgbà ni ọ̀gágun Ibrahim Badamasi Babangida, ọdún 1941 ni wọ́n bí i. Ẹ ó gbọ́ tí n ó máa pè é ní "ó", tí n kò ní í pè é ní "wọ́n". Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ dé àárín, ẹ ó mọ ìdí tí n kò fi fẹ́ kí "wọ́n" kankan bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ta ni, kí ló sì ṣe?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn yẹn, a kò tíì bí yín lọ́dún 1993. Ẹ jẹ́ kí n yára kà á fún yín.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1985 ni Babangida gba ìjọba lọ́wọ́ ọ̀gágun Muhammadu Buhari. Olórí ìjọba ológun ni àwọn ológun tó ṣáájú rẹ̀ ń jẹ́. Òun ní ààrẹ ni kí á máa pe òun. Ó ṣèlérí pé òun yóò gbé ìjọba fún alágbádá lọ́dún 1990. Ó di 1992. Ó di oṣù kìíní 1993. Ó di oṣù kẹjọ 1993. Ìjọba rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sílẹ̀, SDP àti NRC. Lọ́dún 1992, ó wọ́gi lé ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ méjèèjì, ó ní kí olùdíje mẹ́tàlélógún lọ jókòó sílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Abíọ́lá jáde lábẹ́ SDP, tí Bashir Tofa ọmọ Kánò jáde lábẹ́ NRC.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993, a dìbò. Humphrey Nwosu, alága àjọ elétò ìdìbò, bẹ̀rẹ̀ sí í kéde èsì, wọ́n sì dá a dúró. (Ẹ gbọ́ "wọ́n" yẹn? A ń bọ̀ wá bá a.) Ní ọjọ́ 23, ìwé pélébé kan tí kò ní òǹtẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù, jáde láti ọwọ́ Nduka Irabor, akọ̀wé ìròyìn igbákejì ààrẹ, Augustus Aikhomu: ìdìbò ti di asán. Inú oṣù keje, àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro Èkó, ìbọn sì pa ọ̀pọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, Babangida ní òun yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìjọba fìdíhẹ sílẹ̀ fún Ernest Ṣónẹ́kàn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Sani Abacha fi gba ìyẹn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá. Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Èkó, lọ́dún 1994, wọ́n tì í mọ́lé, kò sì jáde mọ́: ọjọ́ 7 oṣù keje 1998 ló kú síbẹ̀. Aya rẹ̀ Kúdírátù ti lọ ṣáájú rẹ̀, wọ́n yìnbọn pa á ní ìgboro Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996.

Mo ń pe Babangida ní aṣáájú tó kùnà. Kì í ṣe èébú. Iṣẹ́ tó gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ètò ìdìbò. Òun ló ní òun yóò ṣe é. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é, ó sì ṣe é débi pé a ṣì ń fi ìdìbò yẹn wọn gbogbo ìdìbò tó tẹ̀ lé e. Ó pọn omi dé ẹnu ọ̀nà, ìkòkò fọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn, ó dákẹ́. A dúró, a dúró. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2025, ní Àbújá, ó gbé *A Journey in Service* jáde. Ààrẹ Tinúbú wà níbẹ̀, ẹni tó sá lọ sókè òkun nítorí June 12 yìí kan náà. Gowon wà níbẹ̀, Ọbásanjọ́ wà níbẹ̀. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ló ṣàgbéyẹ̀wò ìwé náà. Wọ́n dá owó jọ fún ilé ìkàwé tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, owó tí wọ́n kéde sì ju bílíọ̀nù 10 náírà lọ. Owó yẹn ló bí aráàlú nínú jù, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa má ṣí ìwé náà rárá. Ẹ jẹ́ kí owó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwé ni mo bá wá.

Ohun tó jẹ́wọ́

Babangida kọ ọ́ sílẹ̀ pé Abíọ́lá ló wọlé. Kò fi sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ìbò rẹ̀ ju ti Tofa lọ, ó ní ó rí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò ní iye ìpínlẹ̀ tí òfin béèrè, ó ní gbogbo ohun tó yẹ kó pé sí ààrẹ lára ló pé sí i. Ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 8 sí èyí tí kò pé mílíọ̀nù 6.

Ẹ ó ní, "Kí ló tuntun níbẹ̀? Ta ni kò mọ̀?" Òótọ́ ni, a mọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò ọdún yẹn, o máa tò sórí ìlà, o máa tẹ̀ka níkọ̀kọ̀, o máa ju ìwé sínú àpótí ní gbangba, wọ́n á kà á níbẹ̀ lójú gbogbo yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tó ń ta omi ní ibùdó ìdìbò mọ ẹni tó wọlé níbẹ̀ kí alága àjọ tó mọ̀. Nwosu fúnra rẹ̀ kọ ìwé lọ́dún 2008, ó sọ bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́dún 2018, Buhari, tí Babangida gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ (ẹ wo bí ayé ṣe ń yí po), ló fi June 12 ṣe àyájọ́ ìjọba àwa-ara-wa, tó sì fún Abíọ́lá ní oyè GCFR, oyè àwọn ààrẹ.

Síbẹ̀ mo ní nǹkan tuntun ni. Gbogbo àwa tí a ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ẹlẹ́rìí ni wá. Ẹni tó sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, olùjẹ́jọ́ ni. Fún nǹkan bí ọdún 32, àwọn kan wà tí wọ́n á wò ọ́ lójú, wọ́n á ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni kéde èsì? O rí i?" Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ Yorùbá ni June 12, bí ẹni pé Kánò, ìlú Tofa gan-an, kò dìbò fún Abíọ́lá. Ẹnu wọn ti pa dé. Àwa kọ́ la pa á dé. Ẹni tí wọ́n ń gbèjà ló pa á dé fún wọn. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí tiẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ fi ọdún méjìlá lé ogún.

Ìdí nìyí tí mo fi kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹni tó sun ìwé yìí níná, ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀ ló sun.

Ó tún sọ̀rọ̀ lórí ìfipágbàjọba oṣù kìíní 1966, ó ní kì í ṣe ti àwọn Ìgbò, bí ọ̀pọ̀ ti gbà á láti ìgbà náà. Èèyàn tó jẹ́ ológun ará Àríwá ló sọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ tó tóbi ni, ó sì yẹ kí ẹnìkan fún un ní ìpàdé tirẹ̀. N kò ní ààyè fún un lónìí.

"Wọ́n"

Àwọn àgbà wa ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ibi tí mo ti rí èkù yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, kì í sì í ṣe ọgbọ́n mi ló rí i.

Mo ní àwọn àgbà mélòó kan tí mo máa ń kàwé fún lọ́sàn-án Sátidé, torí ojú wọn kò ríwèé mọ́. Nígbà tí mo ra ìwé yìí, mo gbé e lọ síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà bí mo ṣe ń kà á ni mò ń fi Yorùbá sọ ọ́. A ka ti ìgbà èwe rẹ̀ ní Minna, wọ́n fetí sí i. A ka ti ogun abẹ́lé àti ọta tó bà á, bàbá kan tó jẹ́ ológun tẹ́lẹ̀ mi orí. A dé June 12. Mo ní, "Wọ́n fagi lé ìdìbò náà."

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò kan lọ́dún 1993. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Dúró, ìwọ ọmọ yìí. Àwọn wo?"

Mo ní, "Bàbá, bó ṣe wà nínú ìwé ni mo ṣe sọ ọ́."

Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Àwọn wo?"

Mo wo ojú ìwé náà. N kò rí ohun tí mo lè sọ. Bàbá wá ní, "Wọ́n mẹ́ta ni a ní. Wọ́n wà tí à ń lò fún àgbà kan ṣoṣo, nítorí ọ̀wọ̀. Wọ́n wà tí à ń lò fún ọ̀pọ̀ èèyàn, a sì lè kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n kẹta ni èyí tí à ń lò nígbà tí a kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó sọ ọ́: wọ́n ní, wọ́n ṣe. Èwo ni tirẹ̀ yìí? Bó bá jẹ́ wọ́n ọ̀wọ̀, ẹnìkan ló ṣe é, kó sọ orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ wọ́n ọ̀pọ̀, kó kà wọ́n fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti jókòó síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, n kò rí ẹni tó ka ìwé báyìí rí. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ fún ọ pé ife fọ́, kó má sọ ẹni tó fọ́ ọ, kí gbólóhùn náà sì dán bí ẹni pé ó pé. Èdè wa kì í fẹ́ẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ nínú Yorùbá, "wọ́n" ni ìbora tó kù fún ọ, gbogbo ọmọdé ló sì mọ̀ pé èèyàn ń bẹ lábẹ́ ìbora náà.

Mo padà lọ sílé, mo mú bírò. Níbi tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1987 àti 1991, tí Ọ̀ṣun wà nínú wọn, ẹni tó ṣe é kò farapamọ́. Níbi tí ìjọba ti kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá lóṣù kejìlá 1991, a rí ẹni tó kó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1993, ẹni tó ni ilé kò sí nílé. Ìwé náà ní ó lọ kí ẹbí Yar'Adua kú ọ̀fọ̀ ní Katsina. Ó ní ibẹ̀ lòun ti gbọ́ pé Irabor ti ka ìwé pélébé yẹn, pé òun kò pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, pé agbo kan láàárín àwọn ológun, tí Abacha ṣáájú wọn, ló gba ẹ̀yìn yọ sí òun. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní gẹ́gẹ́ bí olórí, òun gba ẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ lásìkò òun.

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pé ẹ̀rù ń bà á. Omo Omoruyi, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn rẹ̀ tó súnmọ́ ọn, ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1999 pé ọ̀gá rẹ̀ ń sọ nígbà náà pé àwọn ológun kan yóò pa òun, wọ́n á sì pa Abíọ́lá. Ẹni tó bá ti rí bí ológun ṣe ń gbàjọba lọ́wọ́ ológun kò ní í fi ìbẹ̀rù yẹn ṣeré. Mo gbà á.

Àmọ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ bá ta ewúrẹ́ rẹ láìsọ fún ọ, lọ́jọ́ kẹta, ṣé o máa lọ sí ọjà lọ máa ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn ìdí tí ewúrẹ́ náà fi yẹ ní títà? Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 1993, lọ́jọ́ kẹta ìwé pélébé yẹn, Babangida fúnra rẹ̀ jókòó síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ó bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó sì ka ìdí tí wọ́n fi fagi lé ìdìbò náà. Ó ní owó ti bà á jẹ́. Ó ní nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ. Ojú rẹ̀ la rí. Ohùn rẹ̀ la gbọ́. Kò sí "wọ́n" kankan níbẹ̀.

Ẹ tún wò ó. Bó bá jẹ́ Abacha ló gba ẹ̀yìn yọ sí i, kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tó ń lọ, Abacha yìí kan náà ló fi sílẹ̀ sínú ìjọba fìdíhẹ, pẹ̀lú gbogbo ìbọn? Ẹni tí ejò bá bù jẹ kì í fi ejò náà sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún àlejò.

Abacha ti kú láti ọdún 1998. Aikhomu ti kú láti ọdún 2011. Àwọn ọmọ Abacha ti dáhùn, wọ́n ní kí ó má fi ẹ̀bi rẹ̀ ti òkú. Mo ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa Abacha ní ọjọ́ mìíràn, kò sí ìkankan tó dára nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí èyí, mo gbà pé àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí ẹ̀rí fi dúró di ìgbà tí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò lè lanu mọ́.

Nípa ìbẹ̀rù yẹn náà, ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi. Ológun lẹ̀rù ń bà. Ológun tó ní ẹ̀ṣọ́, tó ní ìbọn, tó ní ilé olókè ní Minna láti padà sí. Kúdírátù kò ní ìbọn. Ó mọ̀ pé wọ́n lè pa òun, ó sì ń jáde lójoojúmọ́.

Ẹnìkan ti ṣe irú rẹ̀ rí

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn díẹ̀, torí kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni aṣáájú tó ṣubú ti ń kọ̀wé.

Anthony Eden ni olórí ìjọba Bìrìtìkó lọ́dún 1956, nígbà tí Gamal Abdel Nasser ti Íjíbítì gba ọ̀nà omi Suez. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn aṣojú Bìrìtìkó, Faransé àti Ísírẹ́lì pàdé níkọ̀kọ̀ ní Sèvres, lẹ́bàá Paris, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan: Ísírẹ́lì ni yóò kọ́kọ́ kọlu Íjíbítì, Bìrìtìkó àti Faransé á wá sáré dé bí ẹni tó fẹ́ là wọ́n. Nígbà tí Eden gbọ́ pé ìwé wà, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní kí wọ́n pa á run. Ó tiẹ̀ rán àwọn èèyàn padà sí Paris láti gba ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ Faransé, wọn kò fún wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, ó dìde nílé aṣòfin, ó ní ìjọba òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ísírẹ́lì yóò kọlu Íjíbítì. Kò pé oṣù kan tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Lọ́dún 1960, ó gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Ìwé ńlá. Ó sọ̀rọ̀ Suez títí, ó fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni tó rí ewu kí ayé tó rí i. Sèvres kò sí níbẹ̀. Lọ́dún 1967, Anthony Nutting, tó ti bá a ṣiṣẹ́ tó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà, tú àṣírí. Eden kò yí ohùn padà títí tó fi kú lọ́dún 1977. Ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà tó wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì ni a padà rí. Lónìí, ohun tí àwọn òpìtàn ń wá nínú ìwé Eden ni ibi tó dákẹ́.

Ẹ bá mi fi wé ti wa. Èyí tó dùn mí ju láti sọ ni pé Babangida ṣe dáadáa ju Eden lọ. Ó sọ eegun ọ̀rọ̀ náà nígbà tó ṣì wà láàyè, nígbà tí a ṣì lè bi í. Mo ní láti sọ ọ́, torí òótọ́ ni. Ohun kejì ni pé kì í ṣe ìwé Eden ló sọ òótọ́ Suez fún ayé. Ìwé pélébé kan tí kò rí pa run ni. Àwa náà ní ìwé pélébé tiwa, èyí tí Irabor kà. Ta ló kọ ọ́? Ta ló gbé e fún un? Àwọn ọ̀gá ológun tó pàdé lọ́sẹ̀ yẹn, akọ̀wé wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ni? Ilé ìkàwé kan ń bọ̀ tí yóò máa jẹ́ orúkọ ọ̀gágun yìí. Ibi tí mo fẹ́ kí bébà yẹn wà nìyẹn, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè wọlé, kó béèrè fún un, kí wọ́n sì gbé e fún un.

Àbámọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà, Babangida sọ lójú gbogbo wọn pé òun kábàámọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pe June 12 ní ìjàǹbá inú ìtàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò. Ìjàǹbá! Ìjàǹbá ọkọ̀ gan-an ní awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, nǹkan àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá béèrè ni, ta ló wakọ̀?

Àbámọ̀, ara ẹni ni èèyàn ń ṣe é fún. Mo lè jókòó sínú yàrá mi kí n kábàámọ̀, kí ẹnì kan má mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ nílò ẹni tí à ń bẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí o bá ṣẹ ìdílé kan, o máa mú àgbà dání, o máa lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn, kì í ṣe gbọ̀ngàn tìrẹ. O máa dọ̀bálẹ̀. O máa ní, "Èmi ni mo ṣe é, báyìí ni mo ṣe ṣe é." Lẹ́yìn náà o máa dákẹ́, kí wọ́n bi ọ́. Dídákẹ́ yẹn ni ẹ̀bẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á ní kí o dìde. Bí wọn kò bá tíì fẹ́, ìdọ̀bálẹ̀ ni wà á wà.

Anfààní wà fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá dé lọ́dún 1999, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ adájọ́ Oputa kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀hónú gbogbo ẹni tí ìjọba ológun jẹ níyà. Àwọn ìyá wá, wọ́n sunkún lójú amóhùnmáwòrán. Gani Fawẹ̀hìnmi gbé ọ̀rọ̀ Dele Giwa dé iwájú wọn, akọ̀ròyìn tí bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1986, tí ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí rẹ̀ di òní. Ìgbìmọ̀ náà pe Babangida. Kò wá. Ilé ẹjọ́ ló gbà lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ní ìgbìmọ̀ náà kò ní agbára láti fi dandan mú un. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ẹ fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níwájú Oputa, yóò búra, agbẹjọ́rò yóò dìde, yóò ní, "Àwọn wo?" Nínú ìwé, kò sí ẹni tó lè dìde.

Ìdí nìyẹn tí àwa fi gbọ́dọ̀ dìde. Ẹ ra ìwé náà, tàbí kí ẹ yá a lọ́wọ́ mi, ẹ̀dà mi wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kà á fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ẹ má kà á bí ẹni ń ka ìwé mímọ́, ẹ má sì kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà ọ̀tá. Kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, níbikíbi tí wọ́n bá sì ti ní láti fi "wọ́n" sí i, kí wọ́n fi bírò pupa yí i ká. Mo ti dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́rin kan. Ọ̀kan nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ṣà, pupa ti pọ̀ jù níbi yìí."

Kí n padà sí ọ̀sán Sátidé yẹn, kí n sì jókòó. Nígbà tí mo ka ibi tí Babangida ti kọ ọ́ pé Abíọ́lá ló wọlé, bàbá tí mo sọ nípa wọn yẹn ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n mú Kùránì àtijọ́ kan jáde. Bébà ìwé ọmọléèwé kan wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Èsì ìdìbò ibùdó wọn ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́wọ́ ara wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993, lábẹ́ igi tí wọ́n ti kà á. Wọ́n ní kí n sọ nọ́ńbà ojú ìwé tí mo ń kà. Mo sọ ọ́. Wọ́n gba bírò mi, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ èsì wọn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i.

Bàbá náà wà láàárín wa, ìlà kejì, lọ́wọ́ òsì mi. Mo ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kí n tó wá sórí pèpéle. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bébà náà sókè kí wọ́n rí i. Ẹ má dìde, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, bí ẹ kò bá rí i kà, ohun tí bàbá kọ sísàlẹ̀ rèé: "Ó jẹ́wọ́. Kò tíì sọ àwọn wo."